Láti Odò Ọya dé Orí Òrùlé: Agbára Tí Kì í Tán ní Orílẹ̀-èdè Elépo

Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn ka iná sólà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlò agbára tí kì í tán ní Nàìjíríà. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Síbẹ̀, omi ni ìjọba fi ṣe òpómúléró iná mọ̀nàmọ́ná lẹ́yìn òmìnira. Ní 1968, tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, ìsédò Kainji lórí Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí pèsè iná. Jebba àti Shiroro tẹ̀lé e lẹ́yìn náà.

Iná yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Adágún Kainji bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣí nípò sì lé ní 40,000. Ìjọba ló náwó, àwọn ará etídò ló pàdánù ilé bàbá wọn, ìlú ńláńlá ló sì jẹ ọ̀pọ̀ àǹfààní rẹ̀.

Nígbà tó yá, gáàsì gba ipò iwájú. Ibùdó Ẹ̀gbin lẹ́bàá Ìkòròdú, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹgawáàtì, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá gáàsì bá bẹ́, tàbí tí gbèsè bá wọ ọ̀rọ̀ náà, òkùnkùn ló ń tẹ̀lé e. Báyìí ni ẹ̀rọ amúnáwá ṣe di ará ilé.

Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún fò láti 68 náírà sí 225. Ìṣirò yí padà: ẹni tó lágbára ra páálí sólà àti bátìrì.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ ìgbà méjèèjì kò mọ sórí omi àti oòrùn. Ìjọba ló kọ́ ti àkọ́kọ́ fún gbogbo ìlú. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń dá ra ti èkejì, torí pé ti gbogbogbò kò tó. Bí sólà ṣe ń pọ̀ lórí òrùlé kì í ṣe ẹ̀rí pé ètò ìjọba yọrí sí rere nìkan. Ó tún ń fi hàn bí ilé ṣe ń jìnnà sí wáyà ìjọba. Ní Kainji, ẹni tó wà létí omi ló pàdánù. Lónìí, ẹni tí kò lówó ló wà nínú òkùnkùn.