Àwọn Tí Ń Ra Orúkọ Pamọ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé odò ní í mu omi tó tòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan a sì máa ra orúkọ pamọ́ láti tà á lówó gọbọi.

Owó wọn ń wọlé fún olùforúkọsílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lè dá orúkọ .com padà lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ń gbà á yanturu, wọ́n sì ń dá a padà. Ní 2008, àjọ ICANN bu owó lé àdápadà tó pọ̀ jù. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2009, àdápadà ti fi ìdá 99.7 nínú 100 dínkù.

Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún ARTCI, tí ń ṣàkóso .ci ní Côte d'Ivoire. Ọlọ́jà Abobo tó bá orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì lè ṣẹ́rí padà. Ẹni tí ì bá máa sanwó lọ́dọọdún lọ nìyẹn. Kí ẹni tó kọ́kọ́ dé odò bu omi; kí ó má ṣọgbà yí odò ká.