Ibi tí lẹ́tà ń gbé nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Tré, ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ ẹ àti ọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré kọ́kọ́ jáde, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ordinateur, kò lè kọ lẹ́tà méjèèjì yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó fà á.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kan jáde, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn wá fara wé. Ẹ fi ìrántí rẹ̀ wé agbo ilé oníyàrá 16. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 65,536. Yàrá 10 ìsàlẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Yàrá 6 tó kù, tí à ń pè ní ìrántí òkè, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Yàrá kọkànlá àti ìkejìlá jẹ́ ti káàdì àwòrán.

Kí ni káàdì yìí? Pátákó kékeré kan ni, ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gbé lẹ́tà síta kí ojú wa lè rí i. Ojú kọ̀ǹpútà gba ìlà 25, ìlà kan gba lẹ́tà 80. Èyí jẹ́ àyè 2,000. Tí ẹ bá tẹ A, nọ́ńbà 65 yóò wọ inú yàrá kejìlá, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tó ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Káàdì ń wo yàrá yìí ju ìgbà 40 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló ń kọ síta.

Ṣùgbọ́n àwòrán lẹ́tà 256 péré ni wọ́n gbẹ́ sínú káàdì, ẹnikẹ́ni kò sì lè pààrọ̀ wọn. É ti àwọn Faransé wà níbẹ̀. Kódà, ojú ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀! Ọ kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ɔ kò sí, èyí tí ìjọba wa ti fi sínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa láti ọdún 1975.

Àwa nìkan kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọkùnrin kan, Van Suwannukul, fẹ́ fi lẹ́tà Thai kọ ìwé oyè yunifásítì rẹ̀. Káàdì IBM kò gbà fún un. Kò fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ o; káàdì ló ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1982, òun àti Kevin Jenkins dá ilé-iṣẹ́ Hercules sílẹ̀ láti máa tà á. Káàdì Hercules lè ya àmì tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́, 720 ní ìbú, 348 ní òró. Ẹni tó lè ya àmì lè ya lẹ́tà èyíkéyìí. Àwòrán bẹ́ẹ̀ méjì ló gba gbogbo yàrá kejìlá.

Ní ọdún 1984 àti 1987, IBM náà gbé káàdì EGA àti VGA jáde. Ìwọ̀nyí gbà kí ènìyàn ya lẹ́tà tirẹ̀, kí ó sì kó o sínú káàdì.

Yàrá 10 ìsàlẹ̀ kò wá tó mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láti kó káàdì kúrò lókè, nítorí àwọn ètò iṣẹ́ àtijọ́ ti mọ ibẹ̀ sí ilé rẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n gbé ìwé Unicode jáde, tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Lẹ́tà kékeré ɔ gba 596, ɛ gba 603.