Orísun Àtinúdá Ẹni Tí Ń Dá Fíìmù Ṣe: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Túndé Kèlání

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ fíìmù ilẹ̀ wa ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé owó nìkan ni ìṣòro ẹni tí ó bá yàn láti máa dá fíìmù tirẹ̀ ṣe, tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá kan, tí kò sì gbà kí oníṣòwò pàṣẹ ohun tí yóò ṣe fún òun. Wọn a ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti rówó, ọgbọ́n inú rẹ̀ yóò máa tú jáde fúnra rẹ̀, bí kò bá sì rí i, ọgbọ́n náà yóò kú sí i níkùn. N kò ní bá wọn jiyàn pé owó kò ṣe pàtàkì, nítorí àwọn àgbà tí wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ fíìmù Yorùbá láti 1976 títí di ìsinsìnyí, a ó rí i pé àwọn kan wà tí owó wọn kò tó nǹkan tí àtinúdá wọn kò sì gbẹ, àwọn mìíràn sì wà tí owó wọlé fún tí ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí kò yàtọ̀ sí ti àná. Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọgbọ́n rẹ̀ tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀: àwọn òǹkọ̀wé, àwọn àyàn, àwọn arọ́kìn àti àwọn àgbà tí ìtàn ìlú ń bẹ lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ Túndé Kèlání ni mo fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí a júbà àwọn tí wọ́n ṣáájú. Nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, pẹ̀lú Dúró Ládiípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love nínú rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà fún àwọn ọ̀gá eré alárìnjó láti gbé eré wọn kúrò lórí ìtàgé lọ sí ojú aṣọ funfun. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà, baba ńlá eré ìtàgé, tẹ̀lé e pẹ̀lú Ayé ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá apanilẹ́rìn-ín, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn àwọn baba wọ̀nyí. Owó tí wọ́n rí lórí ìtàgé àti èyí tí wọ́n yá ni wọ́n fi ń ra fíìmù, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru sórí fídíò, wọ́n tà á káàkiri, wọ́n sì sọ òógùn ojú Bàbá Sàlá di gbèsè. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣe ní 1986, iye tí a fi ń ra fíìmù tí a sì fi ń fọ̀ ọ́ kọjá ohun tí apá ẹnikẹ́ni ká mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ni orísun àtinúdá ni, ibẹ̀ ni fíìmù Yorùbá ìbá parí sí. Kò parí síbẹ̀, nítorí nígbà tí fídíò dé, tí ohun èlò kò wọ́n tó ti àtijọ́ mọ́, àwọn tí wọ́n ní ìtàn lẹ́nu ni wọ́n kọ́kọ́ rí nǹkan fi ṣe.

Èkó ni wọ́n bí Kèlání sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta, nílùú àwọn ọmọ Lísàbí, lábẹ́ Olúmọ, ni ó gbé dàgbà, níbi tí oríkì, òwe, egúngún àti eré alárìnjó kì í ti í ṣe àjèjì sí ọmọdé. Ó kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ó ṣiṣẹ́ ní WNTV n'Íbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ó rékọjá lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Nígbà tí ó sì padà wálé, kàkà kí ó máa sáré pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, kámẹ́rà ni ó ń gbé fún àwọn ẹlòmíràn, tí ó ń wo bí ọ̀gá kan ti ń dáwó, bí èkejì ti ń kó àwọn òṣèré jọ, bí ẹ̀kẹta ti ń ṣubú. Ẹni ọdún 45 ni nígbà tí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, lábẹ́ àsíá Mainframe, iléeṣẹ́ tirẹ̀ tí ó fi Ọ̀pómúléró ṣe oríkì fún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọdún tí ó fi sin iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní ìbá kà sí àkókò tí ó ṣòfò, ni mo kà sí ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìtàn Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ìtàn àwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ ajogúnbá tí ẹ̀san sì ń dọdẹ wọn, ọ̀dọ̀ Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ni ó ti wá.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti gbèrú. Láti ìgbà náà wá, Kèlání kò fi ìgbà kan tijú láti lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ kọ jù ú lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ó kàn ni ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n, òǹkọ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí èdè Yorùbá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nínú iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, Kòṣeégbé jáde ní 1995, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999, Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Ẹ jẹ́ kí a wo Ó Le Kú. Ìwé ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974 ni, nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Íbàdàn, tí ń wá ìyàwó láàrin àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí. Ohun tí òǹkọ̀wé fi gbólóhùn ṣe, onífíìmù kò lè fi gbólóhùn ṣe é. Ó ní láti wá ojú tí yóò fi rí i. Kèlání wọ àwọn obìnrin inú fíìmù náà ní ìró àti bùbá kékeré ti ayé ijọ́un, débi pé àwọn obìnrin ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá a, tí wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní òlekú. Fíìmù tí ó lè yí ohun tí télọ̀ ń rán padà ti kọjá kí a pè é ní àdàkọ ìwé.

Ṣaworoidẹ tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ìlú Jogbo, ọba tí ó bá jẹ gbọ́dọ̀ bá ìlú mulẹ̀. Ìlù ṣaworoidẹ, adé idẹ àti ara ọba ni wọ́n so pọ̀, kí ẹni tí ó bá fipá gorí oyè láìṣe ètùtù má baà gbọ́ ohùn ìlù náà pẹ̀lú adé lórí kí ó sì yè é. Lápìtẹ́ gorí oyè láìmulẹ̀, àwọn agégẹdú ń kó igbó ìlú lọ, ológun kan wá gba ìjọba. Ọdún tí àwọn ológun orílẹ̀-èdè wa gbé ìjọba sílẹ̀ gan-an ni fíìmù náà sì jáde. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìlù kì í dún lórí ìwé: etí àti ojú ẹni tí ó gbọ́ àyàn láti kékeré ni ó lè sọ ọ́ di ohun tí ń já òǹwòran láyà.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ń fi ìtàn ẹlòmíràn ṣe fíìmù kò ní àtinúdá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ìṣe wa mu rárá. Oníjàálá jogún ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ó bá dé agbo, ohùn tirẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì dùn, a kì í dá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi. Kèlání tún mú ìtàn lọ́wọ́ Báyọ̀ Adébọ̀wálé fún Narrow Path, lọ́wọ́ Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fún Màámi, lọ́wọ́ Ọláyínká Egbokhare fún Dazzling Mirage, àti lọ́wọ́ Wọlé Ṣóyínká fún Sidi Ilujinle. N kò sọ pé gbogbo wọn ni wọ́n dọ́gba. Lójú tèmi, àwọn tí òun àti òǹkọ̀wé jọ fi èdè Yorùbá ro láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní eegun jù, àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ́wọ́ sì fúyẹ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò dín kù nínú wọn. Èyí pàápàá ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: kànga tí ó sún mọ́ ilé ni a ń pọn jù.

Ní ti ọjà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwọn máákẹ́tà Ìdúmọ̀tà fẹ́ kí fíìmù yára jáde, kí ó ní apá kìn-ín-ní àti apá kejì, kí ó jọ èyí tí ó tà lóṣù tó kọjá. Ẹni tí ó bá gba owó wọn gba ìṣísẹ̀ wọn pẹ̀lú. Kèlání yàn láti máa fi iléeṣẹ́ ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn olè tí ń ṣe àdàkọ. Síbẹ̀ ó gbé sinimá alágbèéká kiri àdúgbò lọ bá àwọn tí kò lè dé gbọ̀ngàn ìgbàlódé, ó sì ré kọjá ẹnubodè lọ ṣe Abẹ́ní àti Narrow Path ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé ààlà tí àwọn òyìnbó fà kò gé èdè wa sí méjì.

Ìṣọ̀lá papò dà ní 2018. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé orísun ti gbẹ, kí ó wo Àyìnlá, tí ó jáde ní 2021, níbi tí Kèlání ti padà sí Abẹ́òkúta lọ gbé Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní 1980, dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, orin ni ó bá mulẹ̀ dípò ìwé.

Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ dá fíìmù ṣe lónìí kò ní láti wá ìtàn jìnnà. Ìwé Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá àná, ti ń lépa àwọn ọ̀daràn, kò béèrè ààfin tàbí ogun. Ọkọ̀, ojú ọ̀nà, òru, àti òṣèré tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ni ó béèrè. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, bí ó bá yan ìwé kan, kí ó lọ bá òǹkọ̀wé tàbí àwọn àrólé rẹ̀, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó san ẹ̀tọ́ wọn, kí ó sì pe ẹni tí ó gbọ́ èdè náà délẹ̀ wá jókòó níbi tí àwọn òṣèré ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ wọn, kí wọ́n tó tan kámẹ́rà, nítorí àṣìsọ tí a kò bá mú níbẹ̀, ojú aṣọ funfun ni gbogbo ayé yóò ti bá a.