Ọ̀rọ̀ náà Kvas: Ṣé Orúkọ Ohun Mímu Ni Láti Ìbẹ̀rẹ̀?

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń kọ̀wé nípa oúnjẹ ilẹ̀ Rọ́ṣíà láti sọ pé kvas, ohun mímu kíkan tí a fi búrẹ́dì ṣe, ti wà nínú àkọsílẹ̀ láti ọdún 996. Ẹ̀rí wọn ni ìwé ìtàn Kyiv tí a ń pè ní Povest vremennykh let. Ìwé náà sọ pé Ọmọba Vladimir, lẹ́yìn tí ó ti di Kìrìsìtẹ́nì, pàṣẹ kí a kó búrẹ́dì, ẹran, ẹja, ọtí oyin àti kvas sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, kí a sì máa wá àwọn aláìsàn àti aláìní tí kò lè rìn dé ààfin rẹ̀ kiri ìlú.

A gbà pé ohun mímu ni a ń sọ níhìn-ín, nítorí inú àgbá ni ó wà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá ni a ṣàkójọ ìwé náà, nígbà tí àsè náà ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Akọ̀wé náà kò sì sọ ohun tí a fi ṣe kvas ọ̀hún. Búrẹ́dì tí a ń rí nínú rẹ̀, àwa òǹkàwé ni a fi sí i.

Ní èrò tiwa, inú èdè ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà. Nínú Ìhìn Rere tí a túmọ̀ sí èdè Slavic àtijọ́ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, kvas ni ohun tí Bíbélì tiwa pè ní ìwúkàrà. Ìtumọ̀ yìí kò tíì kúrò nínú èdè Bulgaria. Kvasac àwọn ará Serbia kò sì jìnnà sí i. Ní Pólàǹdì, ásíìdì ni kwas. Ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ ohun mímu náà láìsí àṣìgbọ́ ní láti fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kún un, kí ó wí pé kwas chlebowy. Gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà fún ‘kíkan’, kislyi, ti yọ. Ó hàn, nígbà náà, pé kíkan àti wíwú ni ìtumọ̀ àkọ́kọ́, àti pé ẹ̀ka ìlà-oòrùn, èyíinì ni Rọ́ṣíà, Ukraine àti Belarus, ni ó sọ ọ́ di orúkọ ohun mímu gan-an.

Nítorí náà, àwọn tí ń fi ọdún 996 jà pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni ó ni kvas ń gbé ẹrù tí ó wúwo jù ka orí gbólóhùn kan. Ìjà náà kì í sì ṣe tuntun. Ní 1827, akéwì Vyazemsky ti fi ‘ìfẹ́ ilẹ̀ baba oní-kvas’ ṣẹ̀fẹ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà tí ń yin gbogbo ohun tí ó bá ti jẹ́ ti ilé wọn, ìbáà dára, ìbáà burú.