Wíwọn Èrò Ará Ìlú nípa Ìwé Àṣẹ Ìtọ́jú

Ìwé àṣẹ ìtọ́jú ni ènìyàn fi ń sọ irú ìtọ́jú tí ó fẹ́, kí àìsàn tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo kò tó láti fi wọn èrò ará ìlú nípa rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ ọn: ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, ìwádìí ètò Conversation Project rí i pé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé ó ṣe pàtàkì láti jíròrò ìtọ́jú ìgbẹ̀yìn ayé. Ìdá 32 péré ló ti ṣe é. Àwọn kan lè sọ pé irọ́ ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀: ènìyàn lè gba nǹkan tọkàntọkàn, kí ìbẹ̀rù ikú máa fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, ìwádìí tó péye gbọ́dọ̀ béèrè ìmọ̀, èrò àti ìṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.