Ìbẹ̀rẹ̀ Olamide nínú orin ráàpù

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1989 ni wọ́n bí Olamide Adedeji ní Bàrígà, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Èkó. Kí Olamide tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, olórin ráàpù Dagrin ti fi àwo C.E.O. ti ọdún 2009 hàn pé ráàpù tó kún fún Yorùbá ìgboro lè tà wàràwàrà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ Dagrin kọlu ọkọ̀ àjàgbé kan tó dúró ní Múṣin, ó sì kú ní ọjọ́ 22.

Ọdún yẹn náà ni orin Olamide, Ẹni Dúró, gba ìgboro. Coded Tunes, iléeṣẹ́ orin ti olùgbé-orin-jáde ID Cabasa, gbé àwo Olamide àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde ní 2011. Ní 2012, Olamide dá iléeṣẹ́ orin YBNL Nation sílẹ̀, níbi tí àwọn olórin Lil Kesh àti Adekunle Gold ti di gbajúmọ̀.