Smith: Orúkọ Tí Iṣẹ́ Bí

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí mo bá gbọ́ Àyánwálé, mo mọ̀ pé ìdílé onílù ni. Ọdẹ́wálé, ìdílé ọdẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi iṣẹ́ jẹ orúkọ. Alágbẹ̀dẹ ni Smith. Láyé àtijọ́, ibi gbogbo ló nílò ẹni tí yóò rọ ohun èlò oko, ohun ìjà àti irin abẹ́ pátákò ẹṣin. Lẹ́yìn ogun 1066, orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ tí kò fọwọ́ kan ẹwìrì rí fi ń jẹ́ Smith. Ìdí nìyí tí Smith fi pọ̀ ju orúkọ ìdílé yòókù lọ ní England, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹbí kan náà.

Ní Amẹ́ríkà, ètò ìkànìyàn ọdún 2010 rí Smith 2,442,977. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 23 jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Orúkọ ọ̀gá ni àwọn ẹrú kan ń jẹ́; àwọn mìíràn fúnra wọn yan orúkọ nígbà tí wọ́n gba òmìnira. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè: ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ẹrú ní Smith? Lójú tèmi, orúkọ lè sọ iṣẹ́ baba ẹni. Ó sì lè jẹ́ àpá ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ baba ẹni.